Kírísítálì oníhò nínú sẹ́ńsọ̀: omi ló ń dá iṣẹ́ dúró, kì í ṣe ihò

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí wọ́n ti fún Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ni orúkọ MOF (metal-organic framework, kírísítálì oníhò tí wọ́n fi irin àti mólékù oníkábọ́ọ̀nù kọ́) ti bọ́ sẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ ọ rí. Nínú gbogbo ohun tí ìròyìn ń sọ pé MOF lè ṣe, sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ èròjà olóró nínú afẹ́fẹ́ àti omi kì í gbẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Àmọ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì yàrá àyẹ̀wò jìnnà sí èyí tí a lè gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì tàbí kì bọ odò. Nǹkan méjì ló fà á: omi tó wà níbi gbogbo, àti bí ó ṣe ṣòro fún sẹ́ńsọ̀ láti dá èròjà kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Irú kírísítálì wo nìyí?

Kírísítálì ni ohun líle tí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò létòlétò, tí ètò kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láti igun kan dé ìkejì. Iyọ̀ jẹ́ kírísítálì, àmọ́ inú rẹ̀ dí pa. Nínú oníhò, àyè wà láàárín àwọn átọ́ọ̀mù, àyè náà sì dọ́gba káàkiri bí ilé inú afárá oyin. Fífẹ̀ ẹnu ihò náà sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 3 nánómítà. Mólékù tó bá tóbi jù kò ní wọlé. Èyí tó bá wọlé á bá ògiri inú ihò pàdé, ibẹ̀ ni a sì ti lè fi ohun tí yóò dì í mú sí.

Zeolite ló pẹ́ jù nínú wọn. Axel Cronstedt, ará Sweden, ló fún un lórúkọ ní 1756, nígbà tó rí i pé òkúta náà ń hó bí iná bá kàn án. Aluminium, silicon àti oxygen ló para pọ̀ di í. Àwọn tó ń tà á máa ń pè é ní 3A, 4A tàbí 5A. Nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní angstrom, 10 angstrom sì jẹ́ nánómítà kan. Ó ń fara da ooru tó ju 500°C lọ, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé oríṣi ètò tí wọ́n mọ̀ fún un kò pé 300, a ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ yí ògiri inú rẹ̀ padà.

Ti MOF yàtọ̀. Átọ́ọ̀mù irin bíi síńkì, bàbà tàbí zirconium ni wọ́n fi ṣe oríkèé, mólékù oníkábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi so oríkèé kan mọ́ ìkejì. Robson kọ́ irú rẹ̀ pẹ̀lú bàbà ní 1989, àmọ́ kò lágbára, ó ń wó. Kitagawa fi hàn ní 1997 pé gáàsì lè wọlé kó sì jáde láìjẹ́ pé ètò náà wó. Yaghi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé MOF-5 jáde ní 1999. Lónìí, iye MOF tí wọ́n ti ṣe ti wọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún. Àwọn tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ kì í sì lò ju ìwọ̀nba lọ: ZIF-8 tó jẹ́ ti síńkì, HKUST-1 ti bàbà, UiO-66 ti zirconium tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní yunifásítì Oslo, MIL-101 ti chromium, àti àwọn bíi mélòó kan tó ń gbé iná. COF, ìbátan MOF tí kò ní irin nínú rárá, jáde ní 2005. Ó ń dàgbà bọ̀, àmọ́ MOF ló ṣì gba iwájú nínú iṣẹ́ yìí.

Kíkó jọ kì í ṣe rírí

Gíráàmù ZIF-8 kan ní ojú inú tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,600 mítà onígun mẹ́rin. Ti UiO-66 ń lọ sí 1,100 tàbí 1,200. Gbogbo ojú yẹn ni mólékù lè lẹ̀ mọ́, nítorí náà èròjà tó fọ́n ká nínú afẹ́fẹ́ lè kóra jọ sínú fíìmù tínrín kan títí tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú fíìmù yóò fi ju ti ìta lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Àmọ́ ohun kan ṣì gbọ́dọ̀ sọ kíkó jọ yẹn di nọ́ńbà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a wọ̀n ọ́n. Awẹ́ quartz kan tó ń gbọ̀n ní 5 MHz máa ń dín ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kù ní 1 Hz bí nǹkan bíi 17.7 nánógíráàmù bá lẹ̀ mọ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan lójú rẹ̀. Ẹ fi MOF bo ojú náà, ó di sẹ́ńsọ̀. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n, ìyẹn sì ni wàhálà rẹ̀, nítorí kò bìkítà bóyá benzene ló wọlé tàbí omi.

Ọ̀nà kejì ni kapásítọ̀. Wọ́n á tẹ okùn góòlù tín-ín-rín sórí gíláàsì ní ọ̀wọ́ méjì tó wọnú ara wọn láìkanra, wọ́n á fi MOF bo orí rẹ̀. Bí gáàsì bá wọ inú ihò, agbára àtigba iná mọ́ra á yí padà. MFM-300 tí wọ́n fi indium ṣe ti rí sulphur dioxide tí kò tó 100 ppb ní ọ̀nà yìí, ppb sì jẹ́ ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan. Ó dára nítorí kò nílò kí MOF fúnra rẹ̀ gbé iná, ó sì ṣe é nínú ooru yàrá lásán.

Ọ̀pọ̀ jù lọ MOF kì í gbé iná. Àwọn tó ń gbé e jẹ́ awẹ́ pẹlẹbẹ tó tò lé ara wọn, bíi Ni3(HITP)2 tó jáde ní 2014, àti Cu3(HITP)2 tó tẹ̀ lé e ní 2015. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Èyí tó ní bàbà rí ammonia tí kò tó 1 ppm, ìyẹn ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tó ní nickel, tí ihò rẹ̀ rí bákan náà gan-an, kò rí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé bí ihò ṣe tó ló jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ òun mọ gáàsì kan, ẹ bi í léèrè ohun tí irin inú rẹ̀ ń ṣe.

Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà iná nínú omi ṣì kù, wọ́n gba àlàyé gígùn, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pò ó, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

ZIF-8 ni ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí kò nílò ààrò. Ẹ yọ́ zinc nitrate hexahydrate gíráàmù 1.5 sínú methanol mílílítà 100, ẹ yọ́ 2-methylimidazole gíráàmù 3.3 sínú methanol mílílítà 100 mìíràn, ẹ da èkejì sínú èkínní kí ẹ sì máa rò ó. Ìyẹn jẹ́ mólékù síńkì kan sí mẹ́jọ ti èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á funfun. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń yí bírí-bírí yọ lúlúù náà, ẹ fi methanol tuntun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ni kí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, methanol lè fọ́ni lójú, ó sì ń gbiná. Bí ẹ bá dín 2-methylimidazole kù, hóró á tóbi sí i. Hóró ńlá kì í sì lẹ̀ dáadáa mọ́ electrode, ìyẹn ojú irin tàbí kábọ́ọ̀nù tí iná sẹ́ńsọ̀ ń gbà kọjá.

UiO-66 gba ooru. Zirconium chloride àti terephthalic acid, mólékù kan sí kan, nínú DMF (kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń yọ́ wọn), ní 120°C fún wákàtí 24. Wọ́n sábà máa ń fi acetic acid tàbí benzoic acid kún un kí kírísítálì lè dàgbà dáadáa. Acid yẹn máa ń gba ipò terephthalic acid níbòmíràn, ó sì ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú ètò náà. Àlàfo yẹn kì í ṣe àbùkù ní gbogbo ìgbà, torí ibẹ̀ ni irin ti hàn síta tí èròjà ti lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó burú ni kí èyí tí a pò lónìí ní àlàfo púpọ̀ kí èyí tí a pò lọ́la ní díẹ̀, nítorí sẹ́ńsọ̀ méjì tó jáde láti inú wọn kò ní ka nọ́ńbà kan náà. Ẹ kọ ìwọ̀n acid sílẹ̀ dé mílílítà.

Lẹ́yìn pípò ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá: inú ihò ṣì kún fún DMF. Bí DMF bá wà níbẹ̀, kò sí àyè fún gáàsì. Ẹ fi methanol tàbí acetone pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó máa sinmi fún wákàtí púpọ̀ láàárín, kí ẹ tó gbé e sínú ibi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, ní 120 sí 150°C. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú X-ray: ìlà ZIF-8 máa ń yọ orí ní igun tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 7.3 lórí ẹ̀rọ tó ń lo bàbà, UiO-66 ní 7.4 àti 8.5. Lẹ́yìn náà ẹ fi nitrogen wọn ojú inú rẹ̀ ní 77 K. Bí X-ray bá dára tí ojú inú kò sì tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, DMF ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó kù kí ó di fíìmù. Fífi lúlúù po omi kí a sì kán an sórí electrode rọrùn, àmọ́ bó bá ti ń gbẹ, hóró á sá lọ sí etí, àárín á ṣófo, èyí tó bá nípọn á sán. Ọ̀nà tó dára jù fún HKUST-1 ni kí a máa rì góòlù bọ copper acetate 1 mM nínú ethanol, kí a ṣan án, kí a rì í bọ trimesic acid 0.1 mM, kí a tún ṣan án, kí a sì tún un ṣe títí fíìmù yóò fi nípọn tó. Ó lọ́ra, ó ń sú èèyàn, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tó jáde níbẹ̀ jọra wọn.

Omi

Ní 25°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìdajì ohun tó lè gbà, nǹkan bí 15,600 ppm oru omi ló wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbà wá nímọ̀ràn ní 2021 pé kí nitrogen dioxide má ju máíkírógíráàmù 25 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan láàárín wákàtí 24, ìyẹn bíi 13 ppb. Ẹ pín èkínní fún èkejì: mólékù omi tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló ń du ihò pẹ̀lú mólékù nitrogen dioxide kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dán sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wò nínú nitrogen gbígbẹ kò tíì bá ọ̀tá rẹ̀ pàdé.

HKUST-1 ló jẹ́ kí èyí hàn sí ojú. Bó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bí aró. Bó bá fa omi, á di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bàbà tó hàn síta nínú rẹ̀ ni omi lọ gbá mú, ibẹ̀ náà sì ni gáàsì tí a ń wá fẹ́ jókòó sí. Ammonia pẹ̀lú ọ̀rinrin tilẹ̀ máa ń ba ètò rẹ̀ jẹ́ pátápátá. MOF-5 kò nílò ammonia, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán ti tó láti wó o. ZIF-8 kì í fi bẹ́ẹ̀ fa oru omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n acid díẹ̀ á yọ́ ọ, bí ó bá sì pẹ́ nínú omi púpọ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. UiO-66 ń fara da omi dáadáa. Phosphate ni tirẹ̀: zirconium fẹ́ràn phosphate ju mólékù oníkábọ́ọ̀nù tó so ó pọ̀ lọ, á sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi UiO-66 sínú omi tí wọ́n fi phosphate mú pH rẹ̀ dúró, tó wá rí i pé àmì ń yí padà, lè máa rò pé èròjà olóró lòún rí, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló ń túká.

Wọ́n ń gbé oríṣiríṣi ọgbọ́n kalẹ̀. A lè fi mólékù tó ní fluorine tàbí methyl kọ́ ògiri kó má fẹ́ràn omi. A lè fi silicone tínrín bo fíìmù, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ á lọ́ra sí i. A lè máa mú un gbóná ní 40 sí 60°C. A lè fi túùbù Nafion, ike kan tó ń fa omi mọ́ra, gbẹ afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọgbọ́n yìí sì ní àléébù ńlá kan: Nafion máa ń fa ammonia àti ọtí náà mọ́ra, nítorí náà ẹni tó ń wá ammonia á gbẹ omi, á sì gbẹ ohun tó ń wá pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù níta ni kí a gbé sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin àti ti ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì fi kíkà méjèèjì yọ ipa omi kúrò. Kì í ṣe iṣẹ́ tó gbayì, kì í sì í jáde nínú àwòrán ìròyìn.

Bí dídìmú bá sì lágbára jù, sẹ́ńsọ̀ kò ní padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Á dára fún ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kò dára fún ṣíṣọ́ ojoojúmọ́. Wọ́n máa ń fi ooru 80 sí 120°C fún ìgbà díẹ̀ lé èròjà náà jáde. Ẹ wá àwòrán ibi tí wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ìsàlẹ̀ ń gun òkè.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn wá jẹ

MOF tó ní europium máa ń tan pupa ní nǹkan bí 615 nánómítà bí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet bá kàn án. Terbium ń tan àwọ̀ ewé ní 545. Mólékù oníkábọ́ọ̀nù ló ń gba ultraviolet, tó sì ń gbé agbára rẹ̀ fún irin. Bí èròjà kan bá wọlé tó dí ọ̀nà yẹn, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀. Ẹ pín ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìmọ́lẹ̀ tó kù, ẹ gbé e sórí àwòrán pẹ̀lú ìwọ̀n èròjà, ìlà tó bá gùn tààrà fún yín ní òṣùwọ̀n.

Ó rọrùn, ó sì ti fa ìwé ìwádìí jàǹtirẹrẹ tí kò yẹ kí a gbà gbọ́ láìyẹ̀ wọ́n wò. Iron oníchájì mẹ́ta, dichromate àti àwọn èròjà nitro fúnra wọn ń gba ultraviolet mu. Bí ẹ bá dà wọ́n sínú omi, wọ́n á jẹ ìmọ́lẹ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ MOF rárá. Ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ihò kò ṣe nǹkan kan. Èyíkéyìí ohun aláwọ̀ ìyeyè nínú omi á ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ wọn bí omi náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ibi tí ẹ ti ń tan ultraviolet àti ní ibi tí ẹ ti ń kà. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ gbé 10 sí agbára iye yẹn, kí ẹ sì fi sọ kíkà yín di púpọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá pòórá, ẹ̀tàn ni. Lẹ́yìn náà ẹ tún X-ray ṣe lórí lúlúù tí ẹ ti lò, kí ẹ sì wọn europium nínú omi, torí MOF tó ń wó náà máa ń rọ̀.

Iron pàápàá, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn ń wá, WHO kò fi òté ìlera kankan lé e nínú omi mímu. Ó kàn rọrùn láti rí ni. Èyí tó ní làákàyè jù ni MOF tó ní europium àti terbium pọ̀, tí a ń ka ìfiwéra àwọ̀ méjèèjì, nítorí bí gílóòbù bá ń rẹ̀ tàbí omi bá dọ̀tí, apá kan lára àṣìṣe yẹn á kan àwọ̀ méjèèjì.

Òjé nínú omi

Níbí ni MOF ti ṣe dáadáa jù sí mi lójú, nítorí iṣẹ́ ìkójọ ló fẹ́ ṣe níbẹ̀, iná ló sì ń dá ojú èròjà mọ̀. WHO fi òté 10 máíkírógíráàmù nínú lítà kan lé òjé. Ẹ fi lúlúù alumina 0.05 máíkírómítà dán orí electrode kábọ́ọ̀nù títí yóò fi mọ́lẹ̀ bí dígí. Ẹ po UiO-66-NH2 mílígíráàmù 5 mọ́ kábọ́ọ̀nù díẹ̀ tó ń gbé iná, nínú ethanol àti omi mílílítà kan tó ní Nafion ìdá 0.5 nínú 100, ẹ fi ìró gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 30, ẹ kán máíkírólítà 5 sórí rẹ̀. Ẹ fi acetate 0.1 M mú pH omi tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sí 4.5 sí 5. Ẹ gbé electrode sí −1.2 V fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ríro, kí òjé lè kóra jọ kó sì di irin. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì gbé iná gòkè. Òjé á yọ orí ní nǹkan bí −0.55 V sí Ag/AgCl (electrode tí a fi ń ṣe ìfiwéra), cadmium ní −0.8.

Orí tó bá gbòòrò tó sì kúrú túmọ̀ sí pé fíìmù nípọn jù. Bí bàbà bá wà nínú omi, á máa du ibùjókòó pẹ̀lú òjé, orí òjé á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Omi odò ní èròjà ewé jíjẹrà tó ń di òjé mú, tí iná kò ní rí i. Ẹ fi acid àti ultraviolet tú u ná. Ẹ má lo ìlà òṣùwọ̀n tí ẹ fi omi mímọ́ yàrá àyẹ̀wò yà. Ẹ fi òjé tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ kún omi odò náà gan-an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì ka ìyàtọ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń fi yangàn nínú ìwé, èyí tí wọ́n ń fi ìsọdipúpọ̀ 3 ṣírò láti inú ìmìtìtì omi mímọ́, kò sọ ohunkóhun nípa odò.

Fún PFAS, àwọn kẹ́míkà onífluorine tí kì í tètè jẹrà, àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà ní 2024 fi òté 4 nánógíráàmù nínú lítà kan lé méjì nínú wọn, PFOA àti PFOS. Sẹ́ńsọ̀ kan tó lo MIL-101(Cr), tí wọ́n gbé jáde ní 2020, rí PFOS dé 0.5 nánógíráàmù nínú lítà. Nọ́ńbà yẹn wú wa lórí, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá inú yàrá àyẹ̀wò ni òfin ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ ọjà jù

Kì í ṣe MOF, kò sì dá sẹ́ńsọ̀ ṣe: zeolite tí wọ́n tẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀ tin oxide tàbí tungsten oxide tó ti wà tipẹ́. Sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní 200 sí 400°C, ó sì ń dáhùn sí gáàsì gbogbo láìyàn. Zeolite tó wà lórí rẹ̀ ló ń yàn fún un: mólékù tó tóbi ju ihò lọ kò ní kọjá, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ògiri kó má dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ MOF kò lè pẹ́ nínú ooru yẹn. Wọ́n máa ń fi ZIF-8 bo zinc oxide, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ooru tó rẹlẹ̀.

Èyí tó ń fi dídìmú yàn ń kún. Bó bá kún, gáàsì tí kò yẹ kó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá díẹ̀díẹ̀, kò sì sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà á kàn máa lọ sókè bí ẹni pé èérí ló ń pọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi gáàsì tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, ẹ fi gáàsì tí kò yẹ kó rí náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tó bá dáhùn sí i ni kí ẹ pààrọ̀ zeolite, tàbí kí ẹ mú un gbóná kó tú ohun tó fà mọ́ra sílẹ̀.